Fúláì ojú omi tí bluegill ò ní tètè fà ya: kí lẹ ń so?

Apẹja Ìrọ̀lẹ́ (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bluegill àti pumpkinseed ni mo máa ń pa jù, nínú adágún kékeré tí koríko yí ká. Ọ̀pá fúláì nọ́ńbà 3 ni mò ń lò. Ẹja ò wọ́n mi, fúláì, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́, irun tàbí fóòmù so kó lè jọ kòkòrò, ló ń tán mọ́ mi lọ́wọ́. Irú tí wọ́n ń so fún ẹja trout ni mo ní: ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí wọ́n wé yíká, apá méjì tó nàró, ìrù tín-ín-rín. Ẹja fẹ́ràn wọn gan-an. Àmọ́ kí oòrùn tó wọ̀, ìyẹ́ ti já, òwú ti ń tú. Èyí tí kò tú á ti mu omi yó, á máa rì. Mo fẹ́ èyí tí màá so mọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan, tí mi ò ní pààrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí lẹ̀yin ń so? Tó bá sì jẹ́ fóòmù ni, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í yí bírí lórí ìwọ̀?

Bàbá Fóòmù

Àbúrò, o ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Fóòmù ni.

Kì í ṣe kànrìnkàn o. Kànrìnkàn tí wọ́n fi ń ṣe aláǹtakùn fún bluegill látijọ́ máa ń mu omi, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rì. Ó wúlò tí o bá fẹ́ kó rì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo béèrè. Fóòmù tí mò ń wí ni èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà nínú ihò kéékèèké tí ojú wọn dí pa, tí omi ò rí ọ̀nà wọ̀. Ẹja ìbáà gé e jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ihò tó kù ṣì dí, á ṣì léfòó. Ìyẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó irun rẹ̀ ló ń gbé e dúró lójú omi. Tí irun yẹn bá ti ṣẹ́ tàbí tó ti rin, kò sí nǹkan mìíràn tó máa gbé e mọ́.

Èyí tí mo máa ń so jù ni ọ̀bọ̀nbọ̀n dúdú: ìwọ̀ nọ́ńbà 10 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn díẹ̀, fóòmù tó nípọn tó mìlímítà 2, ẹsẹ̀ rọ́bà lọ́tùn-ún lósì. Kò lápá, kò nírù. Ohun tí ẹja lè fà já lára rẹ̀ ò pọ̀.

Ìwọ̀ Tóóró

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín lọ́rọ̀ lórí lílefòó. Ibi tó le jù lẹ ò tíì dé.

Ẹnu bluegill kéré. Ẹ wo bó ṣe ń jẹun: á wá dúró sábẹ́ fúláì, á máa wò ó, nígbà míì á sún sẹ́yìn díẹ̀, á tún sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló máa la ẹnu lójijì, omi á ya wọlé, ohun tó wà lójú omi yẹn á bá omi wọlé. Kì í já nǹkan gbà bíi ti bass, ẹja ẹlẹ́nu gbàgà yẹn, ńṣe ló ń fà á mu. Tí fúláì bá fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ètè ló máa dúró sí. Ẹ máa gbọ́ "pọ́" lójú omi, ẹ fa ọ̀pá, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Fóòmù tí ẹ dì sókè, tí ẹ tún dì sí abẹ́ ìwọ̀, burú ju èyí tó fẹ̀ lọ. Ó ti dí àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá ìwọ̀ àti ṣóńṣó rẹ̀, kò wá sí ibi tí ètè ẹja máa bọ́ sí. Irú fúláì bẹ́ẹ̀ á pẹ́ lóòótọ́, torí pé ẹja kankan ò ní gbé e rárá.

Nítorí náà, èmi kì í jẹ́ kí fóòmù fẹ̀ ju àlàfo ẹnu ìwọ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó sókè ọ̀pá ìwọ̀, kí abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìyá Olówùú

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà irun àti ìyẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìyẹ́ ló ń tètè já. Èyí tí wọn ò fi nǹkan kan dè mọ́lẹ̀ ló ń já.

Ẹ fi ìka kan ẹnu bluegill wò nígbà tẹ́ ẹ bá tún mú un. Eyín rẹ̀ ò gùn, kò sì mú, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ kitikiti, wọ́n sì rí háráhárá bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Ńṣe ló ń ha nǹkan. Egungun tín-ín-rín tó wà láàárín ìyẹ́ àkùkọ ló máa ń kọ́kọ́ ha já. Tí egungun yẹn bá ti já níbì kan, gbogbo ìwérí ìyẹ́ náà á tú tẹ̀léra wọn. Ìdí nìyẹn tí àbúrò wa fi ń rí ìyẹ́ tó ń fì lẹ́yìn ìwọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1878, John Haily tó ń so fúláì ní New York fẹ́ kí ara fúláì Coachman túbọ̀ le. Ìyẹ́ ọ̀kín ni wọ́n fi ń wé ara Coachman, ìyẹ́ ọ̀kín sì máa ń tètè ṣẹ́. Ó fi sílíìkì pupa di àárín rẹ̀, ibẹ̀ ni Royal Coachman ti wá. Ọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí, àmọ́ torí kí ìyẹ́ má tú ló ṣe de pupa yẹn mọ́ ọn. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1930, Lee Wulff pa àwọn apá àti ìrù oníyẹ̀ẹ́ tì, ó fi irun ìrù àgbọ̀nrín dípò wọn kí fúláì lè léfòó dáadáa, kó sì lálòpẹ́. Al Troth náà so Elk Hair Caddis, fúláì tí wọ́n fi irun elk (ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín) bò lókè, lọ́dún 1957. Èyí ni mo fẹ́ kí àbúrò wa gbìyànjú.

Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ ni wáyà. Ẹ kọ́kọ́ so wáyà wúrà tín-ín-rín mọ́ ìdí ìwọ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa rọ̀ síbẹ̀. Ẹ wé ara fúláì wá síwájú. Iwájú yẹn lẹ ti máa so ìyẹ́ àkùkọ, kí ẹ wá wé e padà sẹ́yìn, kí ìwérí kọ̀ọ̀kan jìnnà síra díẹ̀. Tó bá dé ìdí, ẹ fi wáyà gbé e mú, kí ẹ máa wé wáyà bọ̀ níwájú láàárín ìyẹ́. Ìyẹ́ ń lọ sẹ́yìn, wáyà ń bọ̀ níwájú, torí náà wọ́n á máa dábùú ara wọn, gbogbo ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé ni wáyà ti máa tẹ egungun ìyẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ máa mi wáyà sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ṣe ń wé e, kó lè bọ́ sáàárín irun ìyẹ́ dípò kó tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀pa. Tí ẹja bá wá ha egungun yẹn já, ibẹ̀ nìkan ló máa bàjẹ́. Wáyà ti mú ìyókù.

Irun elk tí ẹ máa fi bò ó lókè ní afẹ́fẹ́ nínú, òun náà ń gbé fúláì léfòó. Bí ẹja ṣe ń jẹ ẹ́ á máa rí wúruwùru sí i, kò sì ní dín ìfẹ́ tí ẹja ní sí i kù.

Apẹja Ìrọ̀lẹ́

Ìyá Olówùú, ẹ ṣeun púpọ̀, ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ọ̀rọ̀ egungun ìyẹ́ yẹn ti là mí lójú.

Oje yíyọ̀ ara ẹja ńkọ́ o? Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi òróró fúláì pa á, síbẹ̀ ó ń rì.

Omi Jẹ́jẹ́

Oje ló wà lábẹ́ òróró yẹn, ìdí nìyẹn. Tí o bá fi òróró bo oje, o ti há a mọ́bẹ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́ mi fúláì sínú omi dáadáa títí yíyọ̀ á fi kúrò. Fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde. Lẹ́yìn náà ni kí o jù ú sínú ìgò ìyẹ̀fun funfun tó ń fa omi, mì í, fẹ́ ẹ. Òróró dára fún fúláì tó gbẹ, tí kò tíì kan omi rárá. Fúláì tí wọ́n fi ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ so ló ṣòroó gbà là jù tí oje bá ti kàn án, èmi kì í mú un lọ sídìí panfish, ìyẹn àwọn ẹja kéékèèké bíi bluegill.

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Ẹ̀ ń dá ẹja lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń yọ ìwọ̀ náà ń ba fúláì jẹ́. Ẹ wo ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹja bá gbé fúláì wọnú: ẹ̀mú á wọlé, á gbá ohun tó bá kọ́kọ́ rí mú, ìyẹn fóòmù tàbí ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ á sì yí i. Irin ló ń já òwú yẹn.

Ìdí ìwọ̀, níbi tó ti tẹ̀ kọdọrọ, tí kò sí òwú kankan, nìkan ni ẹ̀mú yẹ kó dì mú. Ọ̀pá ìwọ̀ tó gùn tí Bàbá Fóòmù sọ ṣe pàtàkì níbí, torí ó ń jẹ́ kí nǹkan kan yọ jáde tí ẹ lè dì mú. Kí ẹ tó sọ fúláì sómi rárá, ẹ fi puláyà tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún, ẹ kàn máa tì í padà síbi tó gbà wọlé ni, á sì jáde. Ẹnu ẹja ò ní ya, fúláì ò ní ya. Bẹ́ ẹ bá ń di ẹja mú, ẹ kọ́kọ́ rin ọwọ́ yín, kí ẹ ti iwájú orí pa lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dé lọ sẹ́yìn, nítorí ẹ̀gún ibẹ̀ ń gúnni.

Ìwọ̀ Tóóró

Omi Jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ẹ̀mú gan-an ni.

Bàbá Fóòmù

Mo padà dé sórí ọ̀rọ̀ yíyí bírí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa fóòmù tì.

Ọ̀pá ìwọ̀ ń dán, ó sì rí roboto. Fóòmù rọ̀. Bí o bá fa òwú le lé e, fóòmù á sún kì. Tó bá di ọ̀la, á ti wú padà díẹ̀, á ti wá àyè fún ara rẹ̀ lábẹ́ òwú. Ẹja kan ṣoṣo ló kù tó máa yí i. Nítorí náà, ara ọ̀pá ìwọ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara fóòmù. Wé òwú láti ojú ìwọ̀ dé ìdí, wé e padà, jẹ́ kó rí gbágungbàgun, má ṣe jẹ́ kó dán. Kán súpà gúlúù kín-ún sórí òwú yẹn. Ìgbà yẹn ni kí o wá gbé ṣóńṣó fóòmù lé e.

Ìwérí àkọ́kọ́ àti ìkejì, jẹ́ kó dẹ̀. Ìkẹta lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tí o bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, òwú á gé fóòmù sí méjì. Òwú tín-ín-rín tí wọ́n ń lò fún fúláì kéékèèké máa ń gé e, òwú 140 denier (bí wọ́n ṣe ń wọn bí òwú ṣe nípọn tó nìyẹn) tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni mò ń lò. Lẹ́yìn èyí, wé ìyẹ́ ọ̀kín mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ fún ikùn ọ̀bọ̀nbọ̀n. Lọ́ ọ pọ̀ mọ́ òwú kí o tó wé e, kó má baà ṣẹ́, ohun tí Haily fi sílíìkì ṣe náà nìyẹn. Ṣẹ́ fóòmù po wá síwájú bo ikùn yẹn, dì í lẹ́yìn ojú ìwọ̀, fi gúlúù díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹ̀yìn fóòmù á máa gba ìyà fún ikùn oníyẹ̀ẹ́.

Tí gúlúù bá ti gbẹ, fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú ara fúláì, gbìyànjú láti yí i. Tó bá yí lọ́wọ́ rẹ, á yí lẹ́nu ẹja. Má mú un lọ sómi.

Ìwọ̀ Tóóró, ọ̀rọ̀ yín lórí fífẹ̀ tọ̀nà. Fún ìwọ̀ nọ́ńbà 12, tó kéré ju nọ́ńbà 10 lọ, èmi náà máa ń gé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọ Etí Omi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọ̀ wo ló dáa jù? Ṣé kí n máa fà á lójú omi ni àbí kí n jẹ́ kó jókòó?

Ìwọ̀ Tóóró

Káàbọ̀, àbúrò. Má jẹ́ kí àwọ̀ gba àkókò rẹ. Dúdú lábẹ́ dáa. Lẹ́ fóòmù kékeré aláwọ̀ òféèfèé tàbí pupa sókè kí ìwọ fúnra rẹ lè máa rí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Fífà lo gbọ́dọ̀ kọ́ dáadáa. Jẹ́ kó balẹ̀. Omi á yọ òrùka yíká rẹ̀. Má fọwọ́ kan okùn títí òrùka yẹn á fi tán pátápátá. Bluegill ti rí i, ó ti ń bọ̀. Wá mì í lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ rọ́bà kàn gbọ̀n, kí o tún dúró. Àwọn ńlá kì í fẹ́ nǹkan tó ń sáré. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí fóòmù bá balẹ̀ "pàì", ariwo yẹn gan-an ló ń pè wọ́n, torí pé bí kòkòrò ṣe ń já bọ́ látorí ewé nìyẹn. Ìyá Olówùú lè má gbà o.

Ìyá Olówùú

N kò gbà. Níbi tí koríko bá ti bo omi, tí omi sì jìn, ariwo dáa. Ní ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, tó sì mọ́ kedere, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, fóòmù ń lé wọn sá. Ibẹ̀ ni Caddis mi ti ń jẹun. Ẹ mú méjèèjì dání.

Omi Jẹ́jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nígbà tí gbogbo wa ṣì wà níbí, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Tí omi bá ti gbóná tó nǹkan bí 20°C, akọ bluegill á fi ìrù gbẹ́ ihò roboto sí ibi tí omi kò jìn, ọ̀pọ̀ ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abo á yé ẹyin síbẹ̀, á lọ. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin, òun ló ń fi lẹ́bẹ́ fẹ́ omi sí i. Láàárín ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá balẹ̀ sórí ihò rẹ̀ ló máa gbé. Ẹni tó bá ní fúláì tí kò ní bàjẹ́ lè dúró síbì kan ṣoṣo kó kó gbogbo akọ ńláńlá kúrò lórí ìtẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Gbàrà tí akọ bá ti kúrò, àwọn ẹja kéékèèké tó wà nítòsí á ya wọ ìtẹ́, wọ́n á jẹ ẹyin.

Mo bẹ̀ yín, ẹ mú díẹ̀, ẹ dá àwọn ńlá padà síbi tí ẹ ti mú wọn gan-an, kíá, kí ẹ sì ṣí lọ síbòmíràn.

Ìwọ̀ Tóóró

Mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú àfikún kan. Nínú adágún kékeré, bluegill lè pọ̀ débi tí oúnjẹ ò ní tó wọn, gbogbo wọn á wá ràn. Ní irú ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja lọ sílé kó kó àwọn kéékèèké. Akọ ńlá ni kó fi sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe yàtọ̀ sí èyí pátápátá, ó sì ń dùn mí.

Apẹja Ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Mo so ọ̀bọ̀nbọ̀n Bàbá Fóòmù, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ìwọ̀ Tóóró ṣe wí, mo fi ìka dán an wò, kò yí. Lórí ìwọ̀ kan náà ni mo ti mú ẹja títí mi ò fi rí ojú omi mọ́. Ẹ̀yìn fóòmù ti kún fún àpá eyín, ó ti rí jákujàku, síbẹ̀ ó ń léfòó. Inú mi dùn kọjá ohun tí mo lè kọ síbí.

Ẹsẹ̀ rọ́bà nìkan ló lọ. Apá ọ̀tún ti já tán, ti òsì ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ìyá Olówùú

Wọ́n gùn jù ni. Ẹja kéékèèké tí ẹnu wọn ò gba fúláì máa ń dì ṣóńṣó ẹsẹ̀ mú, wọ́n á máa fà á. Gé e kúrú, kó má gùn ju ara fúláì lọ. Dípò rọ́bà, wá sílíkónì. Rọ́bà máa ń gbó nínú àpótí tí oòrùn àti ooru bá ń pa á, á máa já wẹ́wẹ́ kí ẹja tó kàn án rárá, sílíkónì ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Kán gúlúù sí ibi tí òwú ti gba orí ẹsẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ nìkan o, má jẹ́ kó ṣàn sára ẹsẹ̀, á gan.

Omi Jẹ́jẹ́

Nísinsìnyí tí fúláì ò já mọ́, okùn ló kàn. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí o bá pààrọ̀ fúláì lo ń ta kókó tuntun, o ò sì mọ̀ pé o ń ṣe é. Ní báyìí, kókó kan náà ni eyín wọn á máa ha láti ọ̀sán dalẹ́. Lẹ́yìn ẹja mélòó kan, fi èékánná fa ìparí okùn látòkè wá sí ojú ìwọ̀. Tí o bá gbọ́ pé ó rí háráhárá, gé ibẹ̀ dànù kí o tún un ta. Wo ṣóńṣó ìwọ̀ náà. Gbé e lé orí èékánná àtàǹpàkò, rọra fà á. Tó bá ń yọ̀ láìdúró, ó ti kú, pọ́n ọn. Tí o bá délé, ṣí àpótí fúláì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, torí fóòmù kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀ abẹ́ rẹ̀ máa ń dípàtà.